Bò Wá Láṣìírí: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ẹgbẹ́ Àdúrà Bò àti Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ó Ṣí

Bóyá ni àdúrà kan wà tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu Yorùbá ju èyí lọ, pé kí Ọlọ́run bò wá láṣìírí. Bàbá arúgbó a máa gbà á fún ọmọ rẹ̀ tí ń lọ sí ìdálẹ̀. Ìyá a máa gbà á lórí ìkòkò ọbẹ̀ tí ẹran kò pọ̀ nínú rẹ̀. Oníṣòwò a máa gbà á kí ó tó ṣí ìsọ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀. Kì í ṣe pé àwọn wọ̀nyí jẹ́ ọ̀daràn tí ń wá ibi tí wọn yóò fara pamọ́ sí. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé olúkúlùkù ènìyàn ni ó ní ibì kan tí ń dùn ún, àti pé Ọlọ́run nìkan ni wọ́n fẹ́ kí ó máa wo ibẹ̀. Àdúrà yìí kan náà ni a ń gbà nínú àwọn ẹgbẹ́ àdúrà wa, tí gbogbo àwọn tí ó péjọ a sì ṣe Àmín. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ohun tí ó máa ń tẹ̀ lé e. Kí Àmín náà tó tán lẹ́nu wa, àwa tìkára wa a ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú àṣírí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ Ọlọ́run pé kí ó bò.

Ọ̀ràn yìí ni a fẹ́ sọ, a ó sì sọ ọ́ láìfi epo bọ iyọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ilé-ìwé ìjọ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé ni a ń bá sọ̀rọ̀ ní pàtàkì, nítorí pé bí ẹ kò bá tíì di olórí ẹgbẹ́ àdúrà lónìí, ẹ ó dì í lọ́la. Ohun tí àwa gbàgbọ́ kò pọ̀. Ẹgbẹ́ àdúrà tí kò bá lè pa àṣírí ẹni tí ó rẹ̀ mọ́, kò yẹ ní ibi tí à ń gbé ẹrù ọkàn lọ. Ẹgbẹ́ tí kò bá sì lè ṣí ìwé owó rẹ̀ àti ìwà àwọn olórí rẹ̀ sílẹ̀ kí a wò ó, kò yẹ ní ibi tí à ń fi ọkàn tán. Àìsàn wa ni pé a ti gbé èkíní sí ipò èkejì: ohun tí ó yẹ kí a bò ni a ń ṣí, ohun tí ó yẹ kí a ṣí ni a ń bò.

Ní ìjọ kan tí a mọ̀, tí a kò ní dárúkọ, obìnrin kan wà tí ó ti wà ní ilé ọkọ fún ọdún mẹ́sàn-án láìbímọ. Òun àti ọkọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, a sì rí i pé ọ̀dọ̀ ọkọ ni ìṣòro náà wà. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ ìsinmi kan, ó tọ olórí ẹgbẹ́ àdúrà lọ, ó sọ ọ́ fún un ní kọ̀rọ̀, ó sì ní kí ó bá àwọn gbàdúrà. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú, níwájú gbogbo ènìyàn, pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ń gbé ohùn dé ìdí ìsọ̀ àwọn ẹlẹ́ran ní ìkọjá títì, olórí náà dárúkọ ọkọ obìnrin yìí, ó sì bẹ Ọlọ́run pé kí ó wo àìlera tí ó wà lára rẹ̀ sàn. Ó gbàdúrà náà tòótọ́-tòótọ́. Omijé wà lójú rẹ̀. Kí ó tó di ọjọ́ ẹtì, ọkùnrin náà ti gbọ́ ọ níbi iṣẹ́, lẹ́nu àwọn tí wọ́n ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀.

Nígbà tí a bi olórí náà léèrè, ó yà á lẹ́nu pé a bi í. Ó ní, "Ṣebí àdúrà ni mo gbà? N kò sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn." Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí lójú rẹ̀. Obìnrin náà kò wá sí ìpàdé àdúrà mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ń wá sí ìsìn ọjọ́ ìsinmi, ó ń jókòó ní àga ẹ̀yìn, bí ẹnikẹ́ni bá sì bi í pé báwo ni ilé, a dáhùn pé, "Àlàáfíà ni." Àwa pẹ̀lú wà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú náà, àwa pẹ̀lú sì ṣe Àmín. Nítorí náà ni a kò fi lè dákẹ́.

Àwọn àgbà wí pé ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Wọ́n sì tún wí pé olófòófó kì í gba ẹgbàá, ibi ọpẹ́ ni í mọ. Gbogbo wa ni a mọ olófòófó nígbà tí ó bá jókòó sí ẹnu ọ̀nà ọjà. Ṣùgbọ́n bí òfófó bá wọ aṣọ àdúrà, tí ó di ojú, tí ó sì kúnlẹ̀, a kì í dá a mọ̀ mọ́. Òun náà a sì máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí: "Ẹ jẹ́ kí a rántí arábìnrin wa lágbájá nínú àdúrà, nítorí ohun tí ojú rẹ̀ ń rí nínú ilé…" Ohun tí ó bá tẹ̀ lé gbólóhùn yìí, ìgbà púpọ̀ ni kì í ṣe Ọlọ́run ni a ń sọ ọ́ fún.

Ẹnìkan yóò dìde nísinsìnyí, yóò sì wí pé: "Ẹ̀yin ń fẹ́ sọ ilé Ọlọ́run di ilé awo. Kò sí àṣírí láàárín àwọn ọmọ bàbá kan náà. Ṣé ẹ kò ka Òwe 28:13, níbi tí a ti kìlọ̀ fún ẹni tí ó bo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀? Ṣé ẹ kò ka Jákọ́bù 5:16, níbi tí a ti pàṣẹ pé kí a máa jẹ́wọ́ fún ara wa?" A kà wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a jọ tún wọn kà.

Òwe náà ń bá ẹni tí ó dẹ́ṣẹ̀ wí nípa ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Kò sọ ohun kan nípa ìbànújẹ́ ẹlòmíràn. Àìrọ́mọbí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àìsàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọmọ tí kò yege nínú ìdánwò, gbèsè tí ó jẹ yọ nígbà tí òwò bàjẹ́, ọkọ tí ó ti ilé lọ tí kò padà, ìwọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí wọ́n ṣẹlẹ̀ sí. Ẹni tí ó bá mú ẹsẹ Bíbélì tí a kọ sí ẹlẹ́ṣẹ̀, tí ó fi tú ẹni tí ó ń jìyà sí gbangba, ti ṣi ìwé náà lò. Ní ti ẹsẹ Jákọ́bù, ọ̀rọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ ni pé fún ara wa ni a ó máa jẹ́wọ́. Èmi sọ fún ọ, ìwọ náà sọ fún mi. Olórí tí ó ti gbọ́ àṣírí ogójì ènìyàn, tí ẹnìkan kò sì gbọ́ tirẹ̀ rí, kò tíì pa òfin Jákọ́bù mọ́. Ẹ sì kíyèsí i pé ìjẹ́wọ́ jẹ́ iṣẹ́ ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀. Kò sí ibì kan nínú Ìwé Mímọ́ tí a ti rán ẹnìkan láti lọ jẹ́wọ́ fún ẹlòmíràn láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí a bá sì fẹ́ àpẹẹrẹ, èyí tí ó sún mọ́ ọ̀ràn obìnrin tí a sọ lókè ni ti Hánà nínú ìwé Sámúẹ́lì kìíní, orí kìíní. Ó lọ sí Ṣílò pẹ̀lú ìbànújẹ́ àìrọ́mọbí. Ètè rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Élì àlùfáà rò pé ó ti mu ọtí yó, ó sì bá a wí. Hánà dá a lóhùn pé òun kò mutí, ìbànújẹ́ ni ó wà lọ́kàn òun tí òun ń tú jáde níwájú Olúwa. Ẹ ka ibẹ̀ dáadáa. Kò sọ fún àlùfáà pé ọmọ ni òun ń wá. Élì kò sì bi í. Ó súre fún un pé kí Ọlọ́run fún un ní ohun tí ó béèrè, láìmọ ohun náà. Àdúrà náà sì gbà. Lẹ́yìn tí a bí Sámúẹ́lì tí ó sì gba ọmú lẹ́nu rẹ̀, Hánà tìkára rẹ̀ ni ó padà wá sí Ṣílò, tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún Élì pé ọmọ yìí ni òun tọrọ ní ọjọ́ náà. Ẹ ò rí i bí ó ti tò lẹ́sẹẹsẹ? Nígbà ìrora, ó bò ó, àlùfáà sì jẹ́ kí ó bò ó. Nígbà ayọ̀, ó ṣí i, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ṣí i. Bí Élì bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olórí ẹgbẹ́ àdúrà wa, ó ṣeé ṣe kí gbogbo Ṣílò ti gbọ́ kí Hánà tó délé ní Rámà.

Kì í ṣe òní ni Ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ọdún 459, Leo, bíṣọ́ọ̀bù Róòmù, kọ̀wé sí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Campania, Samnium àti Picenum ní ilẹ̀ Ítálì, nítorí ó gbọ́ pé níbẹ̀ a máa ń kọ ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tí ó ronú pìwà dà sínú ìwé, a sì ń kà á sétí gbogbo ènìyàn. Ó pàṣẹ kí a dá àṣà náà dúró. Ó ní ó tó kí a jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run àti fún àlùfáà. Ìdí tí ó fi wí bẹ́ẹ̀ ni pé ìtìjú yóò lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò níbi ìwòsàn ọkàn, àti pé àwọn ọ̀tá lè mú ohun tí wọ́n gbọ́ lọ sí ilé ẹjọ́. Ó ju ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún lọ tí a ti kọ ìwé náà, àwọn kan láàárín wa sì ń ṣe ohun tí ó kọ̀ síbẹ̀, wọ́n ń pè é ní ìsọjí.

Ní ọdún 1215, àpéjọ ńlá ti Láterani ní Róòmù ṣòfin pé àlùfáà tí ó bá tú ohun tí a jẹ́wọ́ fún un yóò kúrò nínú oyè, a ó sì fi í sí ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́-ìsìn kí ó máa ronú pìwà dà títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Nígbà tí Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ya kúrò lábẹ́ Róòmù, kò ju ẹ̀kọ́ yìí nù. Òfin 113 nínú àwọn òfin ìjọ náà ti 1603 kìlọ̀ fún àlùfáà pé kò gbọdọ̀ tú àṣírí tí ẹlẹ́ṣẹ̀ fi síkàáwọ́ rẹ̀. Láti ara igi yìí ni ẹ̀ka Áńgílíkà tí ó wà ní ilẹ̀ wa ti yọ.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo àwọn Mẹ́tọ́díìsì, tí wọ́n dé Badagry ní 1842 pẹ̀lú Thomas Birch Freeman. Ní oṣù kejìlá ọdún 1738, John Wesley ti kọ ìlànà fún àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tí ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti jẹ́wọ́ fún ara wọn àti láti gbàdúrà. A kì í da ọkùnrin pọ̀ mọ́ obìnrin nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni a kì í da àwọn tí ó ti gbéyàwó pọ̀ mọ́ àwọn tí kò tíì gbéyàwó. Kí a tó gba ẹnikẹ́ni wọlé, a ó bi í bóyá ó fẹ́ kí a máa sọ àṣìṣe rẹ̀ fún un. Bí kò bá fẹ́, a kì í fi ipá mú un. Nígbà tí ó di 1744, ó tún fi kún un pé ẹnìkan kò gbọdọ̀ sọ àṣìṣe ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀, àti pé kí a dá ẹni tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́kun lójú ẹsẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni a ti rí ètò kíláàsì pẹ̀lú, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Bristol ní 1742 nítorí gbèsè ilé ìsìn, tí a pín àwọn ènìyàn sí méjìlá-méjìlá kí a lè gba kọ́bọ̀ kan lọ́wọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀. Àwọn tí ń gba owó rí i pé bí àwọn ti ń wọ ilé kiri ni àwọn ń mọ ìṣòro ilé. Bẹ́ẹ̀ ni kíláàsì di ibi ìtọ́jú ọkàn. Àwọn bàbá wa mọ ètò yìí dáadáa. Ó bani nínú jẹ́ pé ní ọ̀pọ̀ ibi lónìí, owó kíláàsì nìkan ni ó kù nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kí ẹnìkan mú ọ̀rọ̀ wa gba ọ̀nà mìíràn lọ. Àwọn kan wà tí yóò yọ̀ sí ohun tí a ti wí títí dé ìhín, tí wọn yóò wí pé: "Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Kí olúkúlùkù wọ iyàrá rẹ̀, kí ó sì ti ilẹ̀kùn, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú Mátíù 6:6. Ọ̀ràn mi kò kan ẹnikẹ́ni." A kò fara mọ́ àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú. Ẹni tí ó dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Àwọn tí ń gbàdúrà ní ìkóríta kí a lè rí wọn ni Olúwa ń bá wí nínú ẹsẹ náà. Kò pẹ́ sí ibẹ̀ ni ó kọ́ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ní àdúrà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Bàbá wa, kì í ṣe Bàbá mi.

Nígbà tí Hẹ́rọ́dù fi Pétérù sínú túbú, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kejìlá, ọ̀pọ̀ ènìyàn péjọ sí ilé Màríà ìyá Jòhánù tí à ń pè ní Máàkù, wọ́n ń gbàdúrà. Wọ́n mọ orúkọ ẹni tí wọ́n ń gbàdúrà fún, wọ́n mọ túbú tí ó wà, wọ́n sì mọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí Jákọ́bù ṣáájú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti wí pé ọ̀ràn Pétérù kò kan àwọn, kò ní sí ìpàdé. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ohun kan nínú ìtàn náà: ilẹ̀kùn wà níbẹ̀, a sì ti í. Nígbà tí Pétérù kàn án, ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Ródà ni ó wá gbọ́ ẹni tí ó jẹ́. Àwọn tí ó wà nínú ilé mọ ọ̀ràn náà ní kíkún, ẹni tí ó wà ní títì kò mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ẹgbẹ́ àdúrà rí: kí ó ní ilé tí a lè sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, kí ilé náà sì ní ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀ wa pẹ̀lú ní ẹ̀rí rẹ̀. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ńlá tí ó kárí ayé dé ilẹ̀ wa, àwọn ọmọ ìjọ St. Saviour ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ pẹ̀lú Joseph Shadare láti máa gbàdúrà. Láti ibẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ti jáde. Ní 1925 ní Èkó, àwọn tí ó tọ Moses Orímọládé àti Àbíọ́dún Akínsọ̀wọ́n lọ di Ẹgbẹ́ Séráfù. Ohun yòówù kí olùkàwé rò nípa ẹ̀kọ́ wọn, òtítọ́ kan wà tí ó yẹ kí àwọn ìjọ àgbà gbà: ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó lọ bá wọn lọ nítorí pé wọ́n ń wá ibi tí wọ́n ti lè sọ pé ara àwọn kò dá, tí ẹnìkan yóò sì kúnlẹ̀ tì wọ́n lójú kan náà. Ìjọ tí ẹnu rẹ̀ mọ́ jù, tí kò sí ẹni tí ó lè sọ ìṣòro nínú rẹ̀, kò sàn ju ìjọ ẹlẹ́nu ṣíṣí lọ.

Nísinsìnyí a dé ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Ìjọ wo ni a kò ti mọ iye ọdún tí ọmọ lágbájá ti fi ń wá iṣẹ́? Ìjọ mélòó ni a ti mọ iye tí a rí ní ọjọ́ ìkórè, àti ohun tí a fi í ṣe? Gbogbo wa ni a mọ opó tí ó ń jẹ gbèsè owó ilé. Ta ni ó mọ gbèsè tí ìgbìmọ̀ jẹ lórúkọ ìjọ? Bí ọmọbìnrin inú ẹgbẹ́ akọrin bá lóyún, a ó yọ ọ́ kúrò níwájú gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ ìsinmi. Bí ó bá jẹ́ pé àgbà kan nínú ìjọ ni ó fún un lóyún, a ó pe ìpàdé bòńkẹ́lẹ́, a ó sì wí pé kí a má ṣe ba orúkọ ìjọ jẹ́. A mọ̀ pé àwọn ìjọ wà tí ń ka ìṣirò owó wọn sétí gbogbo ọmọ-ìjọ lọ́dọọdún, tí kì í sì í ṣe ojúsàájú. A yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n wọn kò tíì pọ̀ tó.

Ìwé Mímọ́ kò ṣe báyìí. Nígbà tí Jósẹ́fù rí i pé Màríà lóyún, Mátíù 1:19 wí fún wa pé olóòótọ́ ènìyàn ni, kò sì fẹ́ dójú tì í ní gbangba. Ọmọbìnrin tí kò ní agbára kankan ni, Jósẹ́fù sì bò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí Pétérù, àgbà àpọ́sítélì, fà sẹ́yìn kúrò nídìí oúnjẹ pẹ̀lú àwọn Kèfèrí ní Áńtíókù, Gálátíà 2 sọ fún wa pé níwájú gbogbo wọn ni Pọ́ọ̀lù ti bá a wí, nítorí pé níwájú gbogbo wọn ni ó ti ṣì wọ́n lọ́nà. Nígbà tí a sì fi owó ìrànlọ́wọ́ sí ọwọ́ Pọ́ọ̀lù kan náà, Kọ́ríńtì kejì orí kẹjọ fi hàn pé kò nìkan gbé e lọ: arákùnrin tí àwọn ìjọ fúnra wọn yàn bá a lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ohun wí. Bíbò wà fún aláìlera, ṣíṣí wà fún alágbára. Àwa ti yí i po.

Nítorí náà, nígbàkigbà tí ẹnìkan bá wí pé kí a bo ọ̀ràn kan, ẹ bi í ní ìbéèrè kan: ta ni bíbò náà ń dáàbò bò? Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó ń jìyà, ẹ bò ó títí dé sàréè. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ń fi ìyà jẹni, ẹ ṣí i. Ọmọdé tí ó bá wí fún olùkọ́ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ pé àgbàlagbà kan ń bá òun ṣe ìṣekúṣe, tàbí pé a ń lu òun ní àlùbolẹ̀, kò fún olùkọ́ náà ní àṣírí tí yóò fi àdúrà nìkan wò. Ó ké sí i pé kí ó gba òun là. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 wà ní ilẹ̀ Nàìjíríà nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe ṣèlérí fún ọmọdé pé ẹ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni kí ẹ tó gbọ́ ohun tí ó fẹ́ sọ. Ẹ sọ fún un pé ẹni tí ó lè ràn án lọ́wọ́ nìkan ni ẹ ó sọ fún, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti àìsàn, kí ojú tì wá pé ìjọba ń ṣọ́ra jù wá lọ. Abala 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo àṣírí ará ìlú, àti ilé rẹ̀, àti ìwé tí ó kọ, àti ọ̀rọ̀ tí ó sọ lórí fóònù. Òfin tí a ṣe ní 2014 kọ̀ kí a máa ya àwọn tí ó ní kòkòrò HIV sọ́tọ̀, ó sì bo àṣírí wọn. Síbẹ̀ àwọn ìjọ wà tí ń béèrè ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó fẹ́ gbéyàwó. Ó dára kí ọkọ àti ìyàwó mọ ipò ara wọn. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń gba ìwé náà? Inú àpótí wo ni ó ń wà? Àwọn mélòó ni ó kà á kí ó tó dé ibẹ̀? Ìjọ tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí, kí ó dá ìwé náà padà fún àwọn tí ó ni í.

Kí ni kí a ṣe? A kò ní fi ẹ̀yin olùkàwé wa sílẹ̀ láìsọ ọ́. Èkíní, ẹ béèrè kí ẹ tó sọ. Bí ẹnìkan bá wí pé, "Ẹ bá mi gbàdúrà," ẹ bi í pé, "Ṣé kí n gbà á fún ọ nìkan, tàbí kí n sọ ọ́ ní ìpàdé? Ṣé kí n dárúkọ rẹ?" Ìbéèrè náà kò gba ìṣẹ́jú kan. Èkejì, ẹ rántí pé Ọlọ́run mọ orúkọ gbogbo wa. Bí a bá wí pé, "Olúwa, arábìnrin kan wà láàárín wa tí ọkàn rẹ̀ wúwo," kò ní béèrè pé èwo nínú wọn ni. Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí ó jinlẹ̀ wà láàárín ènìyàn díẹ̀ tí wọ́n yan ara wọn, tí ẹnìkọ̀ọ̀kan ń sọ tirẹ̀, kí ó má ṣe jẹ́ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹ̀kẹrin, ẹ jẹ́ kí ẹni tí a dá lóhùn fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí bí ó bá fẹ́, kí a má sì fi ipá mú ẹni tí kò bá fẹ́. Ẹ̀karùn-ún, kí a máa ka owó ẹgbẹ́ àdúrà sétí ẹgbẹ́ ní gbogbo ìdá mẹ́rin ọdún, ìbáà ṣe náírà mẹ́wàá ni ó wà nínú rẹ̀; ẹni tí ó bá mọ́ lára láti ṣírò náírà mẹ́wàá kò ní ṣòro fún láti ṣírò mílíọ̀nù.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Nínú àdúrà alẹ́ ní ilé ibùsùn yín, ẹnìkan lè sọ pé bàbá òun ti kọ ìyá òun sílẹ̀, tàbí pé kò sí owó ilé-ìwé fún sáà tí ń bọ̀. Ní ọjọ́ tí ẹ bá jọ jà nídìí omi, ọ̀rọ̀ náà yóò wá sí yín lẹ́nu. Níbẹ̀ ni a ó ti mọ̀ bóyá ẹ gbàdúrà ní alẹ́ ọjọ́ náà tàbí ẹ kàn ń gbọ́ ìròyìn. Ẹ gbé e mì. Ìdánwò kan tí a kì í fún ní máàkì ni, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ yín yóò mọ̀ pé ẹ yege.

Ní ti obìnrin tí ó ń jókòó ní àga ẹ̀yìn, a kò mọ ìgbà tí yóò padà sí ìpàdé ọjọ́rú, a kò sì lè dá a lẹ́bi bí kò bá padà. Ohun tí a lè ṣe ni pé, nígbà tí a bá tún kúnlẹ̀ tí a sì bẹ Ọlọ́run pé kí ó bò wá láṣìírí, kí a kọ́kọ́ bò ara wa.